Ẹni Tí Kì Í Kọ́kọ́ Gbéra

Ní ọdún méjìdínlógún tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun, góòlù kan ṣoṣo ni ó gbá wọlé, ilé tiwọn gan-an ni ó sì gbá a sí. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ. Ọwọ́ ẹ̀yìn ni ó ń gbá, ní apá òsì, àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù nígbà náà sì mọ̀ pé ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, olúwa rẹ̀ á ròyìn rẹ̀ fún ọmọ. Àgádágodo ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá ti ń sáré wọ pápá ni èrò á máa pariwo, "Tì í! Tì í pa!" Òun á gbé ọwọ́ kan sókè. Kò ní rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni. Atamátàsé á gbá góòlù, ìwé ìròyìn á gbé àwòrán rẹ̀ jáde, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ gbàgà. Ta ni yóò ya àwòrán góòlù tí kò wọlé?

Kóòṣì tó kọ́ ọ níṣẹ́ jẹ́ bàbá kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ, tó jẹ́ pé bí ó bá ń fọn fèrè, ìdajì afẹ́fẹ́ á gba ojú àlàfo jáde. Ó máa ń fi àkísà so ọwọ́ àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn mọ́ ẹ̀yìn wọn, á ní kí wọ́n kojú ẹni tó ní bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn rìn.

"Má bẹ́ sí i!" á pariwo. "Má kọ́kọ́ fẹsẹ̀ sílẹ̀! Jẹ́ kó ṣe tiẹ̀ ná! Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbéra ló máa ṣubú!"

Wọn kò gbọdọ̀ wo ojú ẹni tó ń bọ̀, nítorí ojú ń purọ́. Wọn kò gbọdọ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí eré ni ẹsẹ̀ ń ṣe. Ìbàdí ni kí wọ́n máa wò. "Ibi tí ìbàdí bá kọjú sí, ibẹ̀ ni olúwa rẹ̀ ń lọ. Ìbàdí ò lẹ́nu. Kí ló máa fi purọ́?"

Àgádágodo gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ó sì wọ̀ ọ́ lára bí oògùn. Nínú ìdíje ife kan, nígbà tó ku ìgbésẹ̀ kan kí wọ́n dé àṣekágbá, atamátàsé kan wà tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ẹni pé kò ní egungun. Ó gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó doríkọ apá òsì. Àgádágodo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kó dún. Ọkùnrin náà tàn án lọ́tùn-ún, kò mira. Ó tàn án lósì, kò mira. Wọ́n rìn bẹ́ẹ̀ tó ogójì ìgbésẹ̀, títí atamátàsé fi rí i pé ìlà funfun ti dé abẹ́ ẹsẹ̀ òun. Bọ́ọ̀lù yí jáde fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró, ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan lápò rẹ̀ tí kò mọ ìgbà tí wọ́n jí i.

Àgádágodo kò fọwọ́ kàn án. Kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Èrò kò pàtẹ́wọ́, nítorí pé wọn kò rí nǹkan kan. Kóòṣì nìkan ló dìde lórí bẹ́ǹṣì, tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, tó tún jókòó.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Àgádágodo gbàgbé ara rẹ̀, tí ó kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ sí bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé wọn ti fẹ́ gbé. Ọjọ́ náà ni góòlù tí a wí yẹn wọlé. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé omi wá, á ní kí àwọn yòókù mu ná.

Bí ó ṣe fẹ́ ìyàwó, orúnkún ló fà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí orúnkún ọ̀tún yẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ń dì í. Orúnkún san, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò kúrò ní ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Àgádágodo ń wá, tí á jókòó, tí á na ẹsẹ̀ tó ti san síwájú, tí kò ní sọ nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, nọ́ọ̀sì náà gbé báńdéèjì kalẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ná. Ṣé èmi lẹ fẹ́ fẹ́ ni, àbí orúnkún yìí lẹ fẹ́ máa mú wá kí mi?"

"Ìwọ ni," ni Àgádágodo wí.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo ń fún ẹ láyè ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà náà, ó dùn mọ́ ọn. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n ti wà pọ̀ báyìí. Nínú ọdún mẹ́tàlélógún yẹn, ìyàwó ló sọ pé kí wọ́n kúrò nínú yàrá kan lọ sí yàrá mẹ́ta. Ìyàwó ló mú ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ méjèèjì, obìnrin tó ti wọ ilé ọkọ báyìí àti ọkùnrin tó wà ní yunifásítì. Nígbà tí orúnkún náà tún kọṣẹ́ pátápátá tí Àgádágodo fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ìyàwó ló lọ bá àwọn tó ń tọ́jú pápá ìṣeré, tó sì ní kí wọ́n wá iṣẹ́ fún un. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kí ó máa fa ìlà pápá. Á kan èèkàn mọ́lẹ̀, á na okùn, á wá máa ti ọmọlanke kékeré tí ẹfun wà nínú rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, títí ìlà á fi tọ́ bí ọ̀pá. Sí gbogbo ohun tí ìyàwó bá dá lábàá, ìdáhùn Àgádágodo kò ju ẹyọ kan lọ.

"Ó dáa."

Kì í ṣe pé kò ní èrò. Ó ní in. Ṣùgbọ́n ó máa ń dúró kí ti ẹlòmíràn kọ́kọ́ jáde.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ń fọ abọ́. Ìyàwó ń fọ̀, òun ń nù.

"Wọ́n fún mi níṣẹ́," ni ìyàwó wí. "Ọ̀gá nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn tuntun yẹn. Ìrìn wákàtí márùn-ún ni. Wọ́n á fún mi ní yàrá níbẹ̀."

Abọ́ tó wà lọ́wọ́ Àgádágodo dúró sójú kan. Ó rí ilé náà láìsí obìnrin yìí nínú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ká àwọ̀n kúrò lára òpó góòlù, tí afẹ́fẹ́ kàn ń gba àárín kọjá.

"Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì?" ó bèèrè.

"Ó di ọjọ́ Ẹtì. Kì í ṣe èyí tó ń bọ̀ yìí o. Èyí tó tẹ̀ lé e."

"Ó dáa."

Ìyàwó yí orí padà. "Ó dáa báwo?"

"Ó dáa náà ni."

Ìyàwó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ sórí ìṣó, ó tò ó dáadáa, ó tún un tò, ó sì jáde. Àgádágodo nu abọ́ kan náà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò mọ ohun tí òun ṣe. Kò bú u. Kò gbá a mú. Kò sọ pé kó má lọ. Ó fún un ní gbogbo àyè tó wà láyé.

Ní ọjọ́rú, ó dé láti ibi iṣẹ́, ó bá lẹ́tà méjì lórí tábìlì, tí wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ìyàwó jókòó sí ẹ̀yìn wọn bí olùkọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò fún ènìyàn.

"Èyí ni mo ti ní mo gba iṣẹ́. Èyí ni mo ti ní mi ò gbà. Èwo ni kí n fi ránṣẹ́?"

Ó wo lẹ́tà ọ̀tún, ó wo tòsì. Ó mọ èyí tó wù ú bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

"Èyí tó bá wù ọ́," ó wí.

"Ẹ̀yin ni mo bi."

"Mo sì dá ẹ lóhùn ni. Mi ò fẹ́ fi ipá mú ẹ."

Lójú tirẹ̀, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bí ó ti ń dúró kí obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìka to lẹ́tà méjèèjì kí etí wọn lè dọ́gba. Ìyàwó ń wo ìka náà. Nígbà tó yá, ó dìde, ó sì wọ yàrá.

Láti ọjọ́ náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejìlá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹun. Ẹ mu omi. Ẹ ti fèrèsé. Lẹ́tà méjèèjì wà lórí tábìlì níbẹ̀, wọ́n ń kó wọn kúrò nígbà oúnjẹ, wọ́n ń dá wọn padà lẹ́yìn oúnjẹ.

Àgádágodo gbọ́ ọ lọ́tùn-ún, ó gbọ́ ọ lósì, kò yé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ obìnrin náà. Bí ó bá kó aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, á ní ó ń lọ. Bí ó bá kó o padà sínú àpótí, á ní kò lọ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ojú rẹ̀ ti ń ṣe ràì, ó rántí ohun tí kóòṣì wí. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ìbàdí ìyàwó rẹ̀ níwájú sítóòfù. Ìbàdí náà kọjú sí ògiri. Ó kọjú sí ìkòkò. Ó yí bìrí, ó kọjú sí i.

"Kí lẹ ń wò?"

"Mi ò wo nǹkan kan."

"Ìdí mi lẹ ń wò, bàbá yìí."

"Mo kàn ń wo... ibi tó kọjú sí ni."

Ìyàwó wò ó bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó pa sítóòfù, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọrùn fún un láti kọjá, nítorí ọkọ rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn fún un kí ó tó dé ibẹ̀.

Ọmọbìnrin wọn pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kejì.

"Dádì, ẹ káàárọ̀. Kí lẹ sọ fún Mọ́mì?"

"Mi ò sọ nǹkan kan fún un."

"Ohun tí Mọ́mì náà wí nìyẹn. Wọ́n ní gbogbo ohun tí ẹ sọ ni 'ó dáa.'"

"Ṣé 'ó dáa' ti di èébú ni?"

"Dádì, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ ni àbí ẹ ò fẹ́?"

"Ohun tó bá wu màmá rẹ ni mo fẹ́."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀ lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ fún mi ní Mọ́mì."

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí èsì ku ọ̀la, ó fi ọmọlanke ẹfun rẹ̀ sínú ṣẹ́ẹ̀dì, ó gba ọ̀dọ̀ Gólì lọ. Gólì ni aṣọ́lé tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ìka mẹ́ta ló ti ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, wọ́n sì san ní wíwọ́, ṣùgbọ́n aago ọwọ́ ni ó ń tún ṣe báyìí, àwọn aago wẹ́wẹ́ tí egungun inú wọn kò ju èékánná èèrà lọ. Kò sẹ́ni tó mọ bí ó ṣe ń ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré bí àpótí, aago bí ogún sì wà lára ògiri rẹ̀. Kò sí èyí tó bá ìkejì rẹ̀ mu.

"Àgádágodo! Ta ló ṣí ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó ṣí mi. Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan."

"Jókòó. Hẹ̀n-ẹ́n! Má jókòó lé ìyẹn, aago oníbàárà ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó yá, sọ."

Ó sọ ọ́, láti orí abọ́ títí dé orí sítóòfù. Gólì ń fi ẹ̀mú tín-ínrín mú nǹkan nínú aago kan, awò kékeré sì wà lójú rẹ̀ kan.

"Ìwọ wá ní kí ni?"

"Mo ní ó dáa."

Gólì yọ awò kúrò lójú. "O ní kí ni?"

"Ó dáa."

"Yé! Ṣé ó dáa lóòótọ́?"

"Rárá o. Bí ó bá lọ, mi ò mọ ibi tí màá dúró sí nínú ilé yẹn."

"Ṣé o sọ ìyẹn fún un?"

"Mo ń dúró ná."

"De kí ni?"

"Kí n rí ibi tó máa yà sí."

Gólì gbé aago náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Tẹ́tí sí mi, ọkùnrin yìí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wo ẹ̀yìn orí rẹ. Mo mọ̀ ọ́n ju ojú rẹ lọ, ó tilẹ̀ dára ju ojú rẹ lọ. Mo mọ iṣẹ́ tó o ń ṣe yìí. Ò ń fi ẹ̀yìn rìn fún ìyàwó rẹ!"

"Mo ń fún un láyè ni."

"Má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó o máa ń fi ẹ̀yìn rìn fún nígbà yẹn, kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe?"

Àgádágodo ronú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ó sì mọ ìdáhùn rẹ̀. "Mo fẹ́ kó sú wọn. Kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù jáde fúnra wọn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti sú u. Ó ń gbé e jáde. Kú iṣẹ́ o!"

Àwọn aago ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ lára ògiri, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀. Ohun tí ó ti ń ṣe láti ọjọ́ mọ́kànlá, ohun tó ti rò pé ìfẹ́ ni, tó sì jẹ́ ìfẹ́, ó wá rí i báyìí lójú pápá, lẹ́bàá ìlà funfun, ó sì rí i pé ìyàwó òun ló wọ aṣọ àwọn ọ̀tá.

"Ṣé kí n ní kó má lọ ni?"

"Mi ò mọ̀. Ṣé èmi ni mo fẹ́ ẹ fún ẹ ni? Èmi tí obìnrin ti lé jáde lẹ́ẹ̀mejì."

"Àbí kí n ní kó máa lọ?"

"Sọ nǹkan kan ṣáá! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Bí mo bá wá sọ ohun tí kò yẹ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé o ti sọ nǹkan. Dìde, o dí mi nímọ́lẹ̀."

Ó délé, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ aṣọ iṣẹ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó mí sínú. Ìyàwó gbé ojú sókè, ó sì dúró pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, bí ẹni tó ti rí i pé nǹkan ń bọ̀.

"Áyọ́ọ̀nù yẹn," ni Àgádágodo wí, "kò gbóná jù?"

"Kò gbóná jù," ni ìyàwó wí, ó sì ń bá aṣọ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ó jáde sí pálọ̀, ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́. Kò sí lẹ́tà lórí tábìlì. Ìbá ṣe pé ọ̀kan ló kù, ì bá mọ èyí tó lọ. Méjèèjì ni kò sí. Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó gbé àga. Ó wọ bàtà, ó lọ síbi iṣẹ́, nítorí ìdíje wà ní ọjọ́ kejì, pápá sì gbọ́dọ̀ ní ìlà.

Ó fa ìlà apá òsì tán. Ó fa ti ẹ̀yìn góòlù. Nígbà tí ó dé ìdajì ìlà àárín, ó dúró. Kò mọ ohun tó dá a dúró. Ó ṣáà rí i pé òun ti jùwọ́ ọmọlanke sílẹ̀, pé okùn ṣì wà lórí èèkàn, pé òun sì ti dé ibùdókọ̀, pẹ̀lú ẹfun títí dé orúnkún.

Ní ilé ìwòsàn tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì kékeré kan dá a dúró lẹ́nu wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin.

"Bàbá, ẹ ò lè gbé bàtà yẹn wọlé. Ẹ wo ilẹ̀ tí ẹ fi ẹfun kùn."

Ó bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan ti lu níwájú, àtàǹpàkò sì yọ jáde bí ẹni tó fẹ́ gbọ́rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọlé. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí bẹ́ẹ̀dì kan, ó ń ka ìlù ọkàn ìyá àgbàlagbà kan lọ́rùn ọwọ́.

"Má lọ," ni Àgádágodo wí.

Gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ kò gbé ojú sókè, nítorí pé ó ń kà. Ó kà á tán, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ ìyá náà padà sórí àyà rẹ̀.

"Mo ti fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́jọ."

"Èwo?"

"Èyí tí mo gbà. Èkejì wà lápò mi. Mo fẹ́ ya á, mi ò tíì ya á."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni Àgádágodo dì mọ́ra wá, ó sì ti ná wọn tán. Ó dúró lórí ìbọ̀sẹ̀ bí ẹni tó sáré dé ibi bọ́ọ̀lù, tí kò sì bá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé wa," ni ìyàwó wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, kí n dákẹ́ wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Mo ń fún ẹ láyè ni."

"Ta ló bèèrè àyè? Ta ló kọ́ yín kí ẹ máa ṣọ́ ìyàwó yín bí ẹni ń ṣọ́ olè?"

"Wọ́n kọ́ mi," ni Àgádágodo wí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò ní yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀," ni ìyá orí bẹ́ẹ̀dì wí. "Kò ní bàtà lẹ́sẹ̀."

"Ìyá, ẹ sinmi."

"Ibo ni mo fẹ́ sinmi sí ju ibí lọ?"

"Jẹ́ kí n bá ẹ lọ," ni Àgádágodo wí.

"Ṣé ẹ ń bi mí ni?"

"Bí ó bá wù ọ́" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó dùn ún ní ọ̀fun bí oògùn tí a kò fi omi lé. "Mi ò bi ẹ́. Mo fẹ́ bá ẹ lọ."

"Kí lẹ máa ṣe níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ilé tí à ń gbé ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Ọmọ tó bá gba ìsinmi wá sílé láti yunifásítì, ta ló máa bá?"

"Mi ò mọ̀, jàre! Mi ò tíì ro ibẹ̀ dé. Mo ṣáà mọ̀ pé mi ò lè dá wà níbẹ̀ kí n máa sọ pé 'ó dáa' fún ògiri."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn, ó sì fi ikọ́ bò ó. Ìyàwó rẹ̀ dúró, ó mú bírò dání, ó ń wò ó. Àgádágodo kò wo ibi kankan bí kò ṣe ojú rẹ̀. Ojú náà rẹ̀, ó sì pọ́n díẹ̀. Kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

"Èmi náà ò mọ̀ mọ́," ni ìyàwó wí níkẹyìn. "Ọjọ́ méjìlá ni mo fi kọ́ bí mo ṣe máa dá lọ. Mo kọ́ ọ tán láàárọ̀ yìí, nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ wá dé."

"Ṣé ó ti pẹ́ jù?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Ẹ lọ jókòó níta. Aago méjì ni mo ń parí."

Ó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń dúró de dókítà. Obìnrin kan tó jókòó tì í wo ẹfun ara rẹ̀, ó wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Nọ́ńbà yín ńkọ́, bàbá?"

"Mi ò ní nọ́ńbà. Ìyàwó mi ni mo ń dúró dè."

"Ẹ̀yà! Ṣé ara wọn ò yá ni?"

"Ara tiẹ̀ yá," ni Àgádágodo wí.

Obìnrin náà sún mọ́ etí bẹ́ǹṣì díẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń pe nọ́ńbà. Ó gbìyànjú láti ro bí ìlú tí kò dé rí ṣe rí, kò rí i rò. Ó gbìyànjú láti ro ilé wọn láìsí òun nínú rẹ̀, ìyẹn náà kò ṣeé rò. Lẹ́ẹ̀kan, ó dìde láti lọ parí ìlà pápá. Ó rántí pé ìyàwó òun ní kí òun jókòó. Ó jókòó. Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìjókòó tí òun jókòó yìí tún ni ti àtijọ́ yẹn, àbí òmíràn ni.

Nígbà tí aago méjì kọjá díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó gbé àpò kọ́ èjìká. Kò sọ pé kó dìde. Ó dìde. Ó wọ bàtà rẹ̀, wọ́n sì jọ gba ọgbà ilé ìwòsàn kọjá.

"Yàrá kan péré ni wọ́n fún mi," ni ìyàwó wí. "Bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ kò fẹ̀."

"Mo lè sùn sílẹ̀."

"Pẹ̀lú orúnkún yẹn?"

"Màá sùn lórí orúnkún kejì."

"Mi ò tíì sọ pé kẹ́ ẹ máa bọ̀ o. Bí bẹ́ẹ̀dì ṣe rí ni mò ń sọ."

"Mo gbọ́."

Wọ́n rìn díẹ̀ sí i. Ọkọ̀ kan kọjá, eruku dìde, wọ́n dúró kó lọ sílẹ̀.

"Ní ọjọ́ Àìkú," ni Àgádágodo wí, "mo fẹ́ lọ wo yàrá náà."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ wò ó?"

"Kò sẹ́ni tó ní."

Ìyàwó gbé àpò láti èjìká kan sí ìkejì. Ó ti dé ẹnu géètì kí ó tó tún sọ̀rọ̀.

"Aago méje ni mọ́tò àárọ̀ ń jáde," ó wí, kò sì wo ẹ̀yìn. Àgádágodo dúró lẹ́nu géètì, ó ń yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, kò mọ̀ bóyá ìkìlọ̀ ni, kò mọ̀ bóyá ìpè ni. Lẹ́yìn náà ó yára tẹ̀ lé e, kí ó lè bi í.